Ṣé ẹ̀rọ ló rẹ́ ọmọ mi jẹ? 11.8 nílé ìwé, 12.34 lórí táàtánì

Ìyá kan kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, kóòṣì. Ṣàgámù ni mo ti ń kọ̀wé, aṣọ ni mò ń tà. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dún yìí. Nígbà tí wọ́n ṣe íńtà-háọ̀sì nílé ìwé wọn, òun ló gba ipò kìíní nínú eré 100 mítà, tíṣà eré ìdárayá wọn sì ka aago rẹ̀ síta pé 11.8 ni. Gbogbo wa jó. Nígbà tó yá, wọ́n kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣa àwọn ọmọ tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀. Orí táàtánì ni, pápá eré oní-rọ́bà, wọ́n sì lo ẹ̀rọ kámẹ́rà. Wọ́n ní 12.34 ló sá, wọn ò mú un. Àwọn kan ní ẹ̀rọ náà ni kò dáa, àwọn kan ní ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n fẹ́ gbé wọlé. Kóòṣì rẹ̀ ní bàtà ni kò ní, pé kí n ra spáìkì (bàtà eré tó ní ìṣó lábẹ́) tuntun tó ní pátákó líle pẹlẹbẹ nínú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ₦280,000, kí n sì ra aago ọwọ́ tó ń lo sátẹ́láìtì kún un. Mo ti ra aago náà. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní kí n pààrọ̀ kóòṣì. Èwo ni kí n ṣe?”

Màmá, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi, bàtà kọ́ ló ń dùn yín. Ohun tó ń dùn yín ni pé ọmọ tó fakọ yọ nílé dé ibi ńlá, ó wá lọ́ra, ẹ sì ń wá ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dá mi lójú jù: ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín má lọ́ra rárá. Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kó jẹ́ pé eré ọjọ́ táàtánì yẹn ló yá jù nínú méjèèjì. Ohun tí wọ́n fi wọn eré méjèèjì kò dọ́gba, ìyẹn ni pé nọ́ńbà méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, a kò sì gbọdọ̀ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ká wá máa sunkún.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ tíṣà. Ó dúró síbi ìlà ìparí, stopwatch wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń fun fèrè wà ní ìlà ìbẹ̀rẹ̀, ọgọ́rùn-ún mítà ló wà láàárín wọn. Fèrè dún. Ìró kì í rìn kíá bí ìmọ́lẹ̀. Nínú ooru tiwa yìí, nǹkan bí 345 mítà ló ń rìn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí fèrè yẹn tó dé etí tíṣà, nǹkan bí 0.29 ìṣẹ́jú-àáyá ti lọ, ọmọ yín sì ti ń gbéra. Nígbà tí etí gbọ́ tán, ọpọlọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ sí àtàǹpàkò kó tẹ bọ́tìnì: nǹkan bí 0.2 mìíràn tún nìyẹn. Ní ìparí eré, ọ̀rọ̀ á yí padà. Tíṣà ti ń wo ọmọ náà bó ṣe ń bọ̀ láti òkèèrè, àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà ní ìmúrasílẹ̀, bó ṣe kan ìlà báyìí ló tẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn, ó ti tẹ̀ ẹ́ kí àyà ọmọ tó débẹ̀. Aago pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ kó tó dúró. Ohun tó sọnù ní ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni gbogbo yín fi jó. Ẹ ro 0.29 pọ̀ mọ́ 0.2, ẹ ó rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ fi ìdajì kún 11.8. 12.3 ni.

Kì í ṣe pé tíṣà yín purọ́ o. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ni. Òfin ní kí ẹni tó mú aago ọwọ́ máa wo èéfín tàbí iná tó ń jáde lẹ́nu ìbọn, kó má dúró de ìró rẹ̀. Àmọ́ fèrè kò ní èéfín. Níbi tí wọn ò bá ti ní ìbọn, mo máa ń ní kí ẹni tó ń gbéra eré gbé apá sókè pẹ̀lú aṣọ pupa, kó sọ apá náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tó ń fun fèrè. Apá ni kí ẹni tó wà ní ìparí máa wò. Síbẹ̀, bí ẹni tó mú aago tilẹ̀ mọṣẹ́ dójú àmì, àwọn tó ń ṣírò eré ṣì máa ń fi 0.24 kún aago ọwọ́ nínú eré 100 àti 200 mítà kí wọ́n tó fi wé ti ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1977 ni wọn kò ti gba aago ọwọ́ fún rékọ́ọ̀dù àgbáyé mọ́ nínú eré tó bẹ̀rẹ̀ láti 100 títí dé 400 mítà. Àwọn tó mọ̀ jù wá lọ ti ta ko àtàǹpàkò tipẹ́tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ gígé nọ́ńbà náà wà níbẹ̀. Stopwatch òde òní máa ń fi ìdá ọgọ́rùn-ún hàn, ojú ènìyàn á sì rò pé ó péye tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fi 11.84 hàn, òfin ní kí a kọ 11.9 sílẹ̀: aago ọwọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ìdá mẹ́wàá, òkè sì ni wọ́n ń gbé e sí, wọn kì í gé e sísàlẹ̀. Ẹ bi tíṣà yín léèrè bóyá 11.8 gan-an ló rí, tàbí ó gé nǹkan kúrò lára rẹ̀ kí ó lè dùn ún pè. Òfin ìgbésókè yìí mú àwọn ńláńlá náà. Ní Doha, ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2006, wọ́n kéde pé Justin Gatlin, ọmọ Amẹ́ríkà, sá 100 mítà ní 9.76, pé rékọ́ọ̀dù àgbáyé tuntun ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi padà wá sọ pé 9.766 ni ẹ̀rọ kà, 9.77 ló yẹ kó dà, ìyẹn ni pé ńṣe ló kàn bá ti Asafa Powell, ẹni tó ni rékọ́ọ̀dù náà nígbà yẹn, dọ́gba. Nígbà tó yá, wọ́n fagi lé gbogbo rẹ̀ nítorí oògùn tí òfin kà léèwọ̀. Ẹni tó ṣe ipò kejì lọ́jọ́ náà ni Olusoji Fasuba tiwa, 9.85, èyí tó jẹ́ rékọ́ọ̀dù Áfíríkà títí di ọdún 2021. Tiẹ̀ kò yí padà.

Ẹ̀rọ tí wọ́n lò fún ọmọ yín ńkọ́? Kámẹ́rà ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí a fi ń ya ìgbéyàwó. Ojú rẹ̀ tín-ín-rín bí àlàfo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ìlà ìparí nìkan ló ń wò, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbòmíì. Ó ń ya ìlà yẹn ní ẹgbẹ̀rún ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń to àwọn àwòrán tẹ́ẹ́rẹ́ náà mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí ara àwọn asáré fi máa ń wọ́ lójú àwòrán rẹ̀, tí ẹsẹ̀ ẹlòmíì á gùn bọọrọ. Ìbọn fúnra rẹ̀ ló ń tan aago náà, kò sí àtàǹpàkò ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹni tó ń kà á yóò fa ìlà kan sí ibi tí àyà ọmọ kọ̀ọ̀kan ti kan ìlà ìparí. Wọn kì í ka orí, wọn kì í ka ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọdọ̀ yin ìbọn níwájú kámẹ́rà láti rí i pé aago àti ìbọn bá ara mu. Nítorí náà, tí ẹ bá ní iyèméjì, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ ní kí kóòṣì lọ béèrè àwòrán ìparí eré yẹn. Gbogbo léènì ló wà lórí àwòrán kan náà, pẹ̀lú àkókò nísàlẹ̀ rẹ̀. Bóyá wọ́n fi ọmọ ẹlòmíì rọ́pò ọmọ yín nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ sílẹ̀, n kò sí níbẹ̀, n kò lè bá yín búra sí i. Àmọ́ 12.34 yẹn, mo gbà á gbọ́.

Mo tún fẹ́ kí ẹ fura sí pápá ilé ìwé. Ta ló wọ̀n ọ́n? Ṣé téèpù ni àbí ìṣísẹ̀ ẹsẹ̀ tíṣà? Mo ti fi téèpù wọn pápá tí wọ́n pè ní 100 mítà rí, tí kò pé bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dín ní mítà méjì péré, ọmọ tó ń sá mítà mẹ́sàn-án láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ti rí nǹkan bí 0.22 jẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Bákan náà ni ìdàgẹ̀rẹ̀. Òfin kò gbà kí pápá lọ sílẹ̀ ju mítà kan lọ nínú ẹgbẹ̀rún mítà, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá nínú 100 mítà. Pápá ilé ìwé wa, nítorí kí omi òjò lè rí ibi ṣàn lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ju ìyẹn lọ dáadáa, apá ibi tó lọ sílẹ̀ sì ni wọ́n sábà máa ń kọjú àwọn ọmọ sí, nítorí ibẹ̀ ni àgọ́ àwọn àlejò pàtàkì máa ń wà.

Atẹ́gùn ni ó kù. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ lẹ́yìn asáré ju mítà 2.0 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, wọ́n á kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀ àmọ́ kò ní wọ ìwé rékọ́ọ̀dù. Ìwọ̀n 2.0 yẹn gan-an, tó bófin mu, lè fún obìnrin ní nǹkan bí 0.12 nínú 100 mítà. Atẹ́gùn tó bá kọjú sí i láti iwájú ń gbà ju bí ti ẹ̀yìn ṣe ń fúnni lọ. Ẹ rántí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ní Eugene ní ìpínlẹ̀ Oregon, ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022. Nínú eré 100 mítà tí wọ́n ń fo igi, ó sá 12.12 ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, atẹ́gùn ẹ̀yìn jẹ́ 0.9 péré. Rékọ́ọ̀dù àgbáyé ni, ó sì wà lórúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ní àṣekágbá, ó tún sá 12.06, ó gba góòlù, àmọ́ atẹ́gùn jẹ́ 2.5. Eré tó yá jù yẹn kò sí nínú ìwé rékọ́ọ̀dù, èyí tó lọ́ra díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Michael Johnson, gbajúmọ̀ asáré Amẹ́ríkà àtijọ́, tilẹ̀ bọ́ síta pé aago ọjọ́ náà ń kọ òun lóminú. Bí wọ́n bá lè yọ àkókò ẹni tó borí gbogbo ayé kúrò nítorí atẹ́gùn, ẹ ò rí i pé kò sí ẹni tó mọ ohun tí atẹ́gùn ọjọ́ íńtà-háọ̀sì yín ṣe. Ẹ so ọ̀já nylon mọ́ orí igi lẹ́bàá pápá nígbà mìíràn; kò lè fún yín ní nọ́ńbà, àmọ́ ẹ ó mọ ọjọ́ tí ẹ kò gbọdọ̀ gba aago gbọ́.

Ní èrò tèmi, 12.34 lórí ẹ̀rọ, lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kì í ṣe eré ìtìjú. Ibẹ̀ ni ọmọ yín wà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ pa 11.8 tì, kí ẹ má sì tún sọ ọ́ níwájú rẹ̀ mọ́, nítorí ọmọ tó bá ń lé nọ́ńbà tí kò sá rí yóò máa rò lójoojúmọ́ pé òun ń padà sẹ́yìn.

Tí a bá ti fẹnu kò síbẹ̀, ohun èlò tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ní ti wà nínú báàgì yín: fóònù. Ọ̀pọ̀ fóònù ló lè ya fídíò ní àwòrán 240 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí wọ́n ń pè ní slow motion. Ìyẹn ni pé láti àwòrán kan sí èkejì, nǹkan bí 0.004 ni, fídíò lásán tó ń ya 30 kò lè ṣe ju 0.033 lọ. Àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú kan máa ń purọ́, wọ́n á ya díẹ̀, wọ́n á fi èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ dí àlàfo. Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù yín ya stopwatch tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù míì, kí ẹ wò ó ní àwòrán kọ̀ọ̀kan. Tí nọ́ńbà bá ń fò tàbí tó ń dúró lójú kan, ẹ má lo fóònù yẹn.

Ẹ má fi wọn 100 mítà. Ẹ wọn ibi tí eré rẹ̀ ti yá jù. Ẹ fi téèpù wọn 30 mítà tí yóò fi kó eré jọ, kí ẹ wá sàmì sí 20 mítà tó tẹ̀ lé e. Ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́, ní ọ̀gangan àárín 20 mítà náà, kó jìnnà tó tí àmì méjèèjì á fi hàn, kí ẹ sì fi bíríkì tì í kó má mì. Ibi tí ọ̀pọ̀ kóòṣì ti ń ṣe àṣìṣe nìyí: wọ́n á ri ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ léènì, ní ọ̀gangan àmì gẹ́lẹ́. Fóònù tó wà láàárín ń wo ọ̀pá yẹn níkọ̀rọ̀, nítorí náà ohun tó ń wọ̀n kì í ṣe 20 mítà mọ́, ó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹnìkan dúró lórí àmì, láàárín léènì. Kí ẹlòmíì mú ọ̀pá dání láàárín òun àti fóònù. Ẹ wo ojú fóònù, ẹ máa ní kó sún un títí ọ̀pá yóò fi bo ìbàdí ẹni tó dúró lórí àmì. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti rì í. Ẹ ṣe àmì kejì bẹ́ẹ̀. Tí ọmọ bá sá kọjá, ẹ ka àwòrán láti ìgbà tí ìbàdí rẹ̀ kan ọ̀pá kìíní títí dé ìkejì, ẹ pín in sí 240. Kinovea, tí wọ́n ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, á bá yín ka àwòrán náà. Bí ó bá jẹ́ 528, ìṣẹ́jú-àáyá 2.20 ni, ó túmọ̀ sí pé ó ń sá nǹkan bí mítà 9.1 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí iye ìṣẹ́jú-àáyá yẹn bá ń dín kù láàárín oṣù mélòó kan, lórí ilẹ̀ kan náà, ọmọ yín ń tẹ̀síwájú, ohun yòówù kí wọ́n kà síta lórí gbohùngbohùn.

Fídíò yẹn kan náà ni kóòṣì yóò fi rí ohun tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ dá a dúró níbi tí ẹsẹ̀ ti kan ilẹ̀. Ṣé abẹ́ ìbàdí ni ẹsẹ̀ bọ́ sí, àbí ó nà án síwájú bí ẹni tó fẹ́ tẹ bíréèkì? Ṣé ìbàdí ń rọ̀ sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń tẹlẹ̀? Ẹ ka iye àwòrán tí ẹsẹ̀ fi wà nílẹ̀. Àwọn obìnrin àti ọkùnrin tó ń sáré lágbàáyé kì í sábà pẹ́ ju 0.1 lọ nílẹ̀ nígbà tí eré bá wọ̀ wọ́n lára, ìyẹn àwòrán bí 24. Ọmọ yín lè tó 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò burú. Ìwádìí ti fi hàn pé ohun tó ya ẹni tó yá ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń yára padà síwájú lójú òfuurufú. Agbára tó fi ń ti ilẹ̀ láàárín ìgbà kúkúrú tó fi kàn án ni. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rí kóòṣì tó ń pariwo “gbé ẹsẹ̀ kíá, gbé ẹsẹ̀ kíá” lẹ́yìn ọmọ tí kò lágbára ní ìbàdí.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni owó yín yẹ kó lọ, tí owó bá máa lọ rárá. Ẹ kò sọ ohun tí ọmọ yín ń ṣe ní pápá fún mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa: wọ́n á ní kí àwọn ọmọ sá 200 mítà léraléra, ìsinmi á kúrú, wọ́n á fa táyà, wọ́n á tún gun òkè, ẹni tó bá bì ni wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún. Ìyẹn ń kọ́ ara láti fara da àárẹ̀. Kò kọ́ ọ ní eré yíyá. Ara tó ti rẹ̀ kò lè sá eré tó yá jù fún un, ohun tí kò bá sì ṣe, kò lè kọ́ ọ. Ọjọ́ eré yíyá, 30 mítà láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí 20 mítà tí mo ṣàlàyé lókè yẹn, ni kó máa sá. Kí ó sinmi bí ìṣẹ́jú kan fún mítà mẹ́wàá tó bá sá. 30 mítà, ìṣẹ́jú mẹ́ta. 50 mítà, ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn òbí tó ń wo ẹ̀gbẹ́ pápá á ní àwọn ọmọ yìí kàn ń ṣeré ni. Kí wọ́n máa wí. Nígbà tí aago bá fi hàn pé 30 mítà ti ń lọ́ra léraléra, kí wọ́n kó ẹrù wọn, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó, kó sì tó wákàtí 48 láàárín ọjọ́ kan sí èkejì, nítorí iṣan ẹ̀yìn itan kì í fi ohùn jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ kó tó fà ya. Táyà fífà kò burú fún ìgbéra eré tí kò bá wúwo jù. Iyanrìn ni n kò fẹ́ràn fún asáré kúkúrú, ó ń kọ́ ẹsẹ̀ láti pẹ́ nílẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ yín “kì í lè parí eré”. Kò sí ẹni tí eré rẹ̀ kì í dín kù ní mítà ìkẹyìn. Usain Bolt ní Berlin lọ́dún 2009, lọ́jọ́ tó sá 9.58, ìṣẹ́jú-àáyá 1.61 ló fi sá láti 60 dé 80 mítà, ó wá fi 1.66 sá ogún tó kẹ́yìn. Ẹni tó dà bí ẹni tó ń yára sí i níparí, àwọn yòókù ló ń lọ́ra jù ú lọ. Bí ọmọ bá fẹ́ parí dáadáa, kí eré rẹ̀ láàárín pápá kọ́kọ́ yá ju bó ṣe wà lọ.

Bàtà wàyí. Spáìkì tuntun tó ní pátákó líle nínú kì í ṣe irọ́ o. Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí World Athletics, àjọ tó ń ṣàkóso eré sísá lágbàáyé, fi ní òfin lórí rẹ̀: láti oṣù kọkànlá ọdún 2024, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kankan lórí pápá kò gbọdọ̀ nípọn ju mìlímítà 20 lọ, pátákó líle inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ, ìṣó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju mọ́kànlá lọ. N kò lè sọ iye tí yóò fún ọmọ yín, nítorí bó ṣe ń bá ẹnìkan mu kọ́ ló ń bá ẹlòmíì mu. Ọmọ tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì lágbára lè gba ìrora iṣan lẹ́yìn ẹsẹ̀ lọ sílé dípò ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Tobi Amusan tí mo dárúkọ lókè, bàtà eré ọlọ́nà jíjìn, Adizero Avanti ti Adidas, ló wọ̀ ní Eugene. Ó ní ẹsẹ̀ ló ń dun òun níbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, òun sì béèrè fún bàtà tó rọ̀. Ẹ wo ìyẹn dáadáa: bàtà tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má dùn ún ló wá. Ọmọ yín nílò spáìkì lóòótọ́ tó bá ń sá lórí táàtánì, n kò ní tàn yín. Àmọ́ èyí tó kàn bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, tó fúyẹ́, tí kò tú, ti tó. Àwọn òkìrìkà tó dáa wà ní Kàtàǹgówà, tí ẹ bá ní sùúrù láti yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ihò ìṣó ti jẹ. Ẹ fi ₦280,000 yẹn sílẹ̀ di ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá dàgbà mọ́, bíbẹ́ẹ̀ kọ́, ọdún tó ń bọ̀ ni bàtà náà yóò di ti àbúrò rẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò rí nínú lẹ́tà yín, mo sì gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀: oúnjẹ, oorun, àti nǹkan oṣù rẹ̀. Ní ọjọ́ orí yìí, ara ọmọbìnrin ń yí padà, ìbàdí ń fẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni eré wọn á dúró lójú kan fún ọdún kan tàbí méjì kó tó tún máa yá. Kì í ṣe àìsàn, kóòṣì kò sì lè fi ìyà lé e lọ. Àmọ́ bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, tàbí tó bá ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá láìsí ìdí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oògùn alágolo kankan fún un ní ẹ̀bá pápá. Bóyá yóò dé ibi tí Amusan dé, n kò mọ̀, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé òun mọ̀ ọ́n látara eré ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ di àpò owó yín mú.

Aago ọwọ́ tí ẹ ti rà, tí ẹni tó tà á bá ṣì gbà á padà, ẹ dá a padà. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá ni irú aago bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bi sátẹ́láìtì léèrè ibi tó wà, ó sì lè fi mítà mélòó kan ṣìnà. Fún ẹni tó ń sá kìlómítà mẹ́wàá, ó wúlò. Fún eré tó parí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá, kò rí nǹkan kan wò.

Ti kóòṣì, ẹ má tíì lé e. Kóòṣì tó bá ní bàtà nìkan ló kù kò tíì wọn nǹkan kan ni, ó sì lè jẹ́ pé kò sí ẹni tó fi bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n hàn án. Ẹ lọ bá a pẹ̀lú fóònù àti téèpù, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ jọ ri ọ̀pá. Ẹ bi í léèrè ìwé tó ń kọ ọjọ́, iye eré, ìsinmi àti àkókò sí. Bí kò bá ní ìwé kankan, tó sì gbà láti bẹ̀rẹ̀, ẹ fún un ní sáà ìdíje kan sí i. Bó bá bínú pé ta ni ẹ tí ẹ fi ń bi òun léèrè ìwé, nígbà náà ni kí ẹ gba ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín.